Ṣé ìró lè to ẹyọ wínníwínní jọ di ohun líle?

Ẹnìkan láti Kétu ló béèrè bóyá ìró lè mọ nǹkan, bí ẹni mọ ìkòkò, láìsí ọwọ́ tó kàn án. Ó lè ṣe é, nítorí ìró a máa ti ohun tó bá pàdé, bí yanrìn ṣe ń fò kúrò níbi tí awọ ìlù ti ń gbọ̀n jù. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Heidelberg, Jámánì, mú kí ìró tí etí kò lè gbọ́ gba inú àwo tí kò nípọn dọ́gba kọjá, tí ẹyọ gíláàsì, àní sẹ́ẹ̀lì abẹ̀mí pàápàá, fi tò jọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú omi. Ìró nìkan kọ́ ló sọ wọ́n di líle o: èròjà tó ń dì ni wọ́n pò mọ́ omi náà, bí ìró bá sì dákẹ́ kí ó tó dì, wọ́n á tú ká.