Èsì: Ṣé yàrá oní-bákónì tó owó tí wọ́n ń bù lé e?

Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ fowó kún un kí màmá lè ní bákónì nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Alaska, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kún un. Ká ní Kàríbíánì ni, mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀, torí etíkun lẹ máa wà lọ́pọ̀ ọjọ́. Àmọ́ tọ́kọ̀ bá dúró ní Glacier Bay, ibi tí òkè yìnyín ti kan òkun ní Alaska, tí yìnyín bá ya bọ́ sómi, ńṣe ló ń sán bí ààrá, màmá á wà lórí àga tiwọn, wọn ò ní bá èrò du àyè lókè, ọkọ̀ sì máa ń yí níbẹ̀ kí tọ̀tún tòsì lè rí i. Ẹ ṣá yẹ àwòrán ọkọ̀ wò o, bákónì míì wà tí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ̀mí là dí lójú, ẹ má gba ìyẹn. Ẹ di súwẹ́tà tó nípọn, aṣọ ọyẹ́ Kàbà ò lè gba òtútù yẹn dúró.