Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àpótí jíà àfọwọ́ṣe fún ọkọ̀ eré orí iyọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń kan ọkọ̀ gígùn kan bí ọfà, Bonneville, pápá iyọ̀ tí wọ́n ti ń sá eré ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, la fẹ́ gbé e lọ. Torí pé a fẹ́ kó rẹlẹ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn áàsìlì la gbé e sí tó kọ orí sí ìrù ọkọ̀, ibi tí áàsìlì ti ń gba agbára wá fi bí íńṣì márùn-ún ga jù ú lọ. Áàsìlì náà 3.00 ni, ìyẹn ni pé ohun tó ń gbé agbára wọ inú ẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, táyà wa ga ní íńṣì 28, ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, a sì fẹ́ sún mọ́ máìlì 250 ní wákàtí kan. Mo fẹ́ ṣe àpótí kan tó ní jíà méjì nínú fúnra mi kó gbé agbára náà gòkè, ọ̀rẹ́ mi ní ká lo ṣéènì jàre. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú làálàá, inú mi dùn gan-an sí lẹ́tà yìí torí o ti wọn nǹkan kó o tó béèrè.

Ká ṣírò ná. Fi 28 lọ́nà 7,000, pín in sí 336 (nọ́ńbà tó ń sọ íńṣì àti ìṣẹ́jú di máìlì ní wákàtí kan), wàá rí 583. Iye jíà rẹ lápapọ̀ lo máa fi pín 583 yẹn, ohun tó bá jáde ni eré rẹ. Áàsìlì 3.00 nìkan á fún ẹ ní máìlì 194, kò tó. Kó o tó lè dé 250, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 2.33, ìyẹn ni pé àpótí tó o fẹ́ ṣe yìí gbọ́dọ̀ fi kún yíyí, kì í ṣe kó dín in kù. Èmi á gbé jíà eléyín 34 sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, eléyín 27 sí ọ̀dọ̀ áàsìlì. Ìyẹn á já sí 2.38, máìlì 245 lórí ìwé. Mo ní lórí ìwé o, torí táyà máa ń yọ̀ lórí iyọ̀, ọkọ̀ kì í rìn tó bí táyà ṣe ń yí.

Kí ló dé tí mo mú 34 àti 27? Ro wọ́n pọ̀, 61 ni, kò sì sí nọ́ńbà tó pín 61 àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀. Jíà méjì yòówù tí eyín wọn bá pé 61 kò lè ní nọ́ńbà kan tó pín àwọn méjèèjì, fún ìdí yìí eyín kan ò ní máa pàdé eyín kan náà ṣáá, gbogbo eyín á máa pàdé gbogbo eyín kí wọ́n lè jọ jẹ bákan náà. Tó o bá gé wọn ní eyín mẹ́fà sí íńṣì kan ìdábùú jíà (láti etí kan gba àárín dé etí kejì), àárín ṣáàfù méjèèjì á jẹ́ íńṣì 5.083, ó bá àyè tó o ní mu. Tó o bá wá pààrọ̀ wọn, kí 27 lọ sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì kí 34 lọ sọ́dọ̀ áàsìlì, eré tó pọ̀ jù á wálẹ̀ sí máìlì 154, jíà kan náà, àpótí kan náà! Ìyẹn máa wúlò fún yín gan-an torí ní Bonneville wọn kì í jẹ́ kí awakọ̀ tuntun kàn dìde lọ sá 250, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kéèyàn gùn ún.

Ọ̀rọ̀ apá ibi tí yóò máa yí sí, ẹ ti bọ́ níbẹ̀. Jíà méjì tó bá pàdé máa ń yí òdìkejì ara wọn, ẹ́ńjìnnì tó bá sì wà lẹ́yìn áàsìlì tó kọ orí sẹ́yìn, òdìkejì yẹn gan-an ló ń fẹ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn ẹ̀yìn lọkọ̀ á máa rìn.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ: ilé jíà ló ń pa jíà. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ eyín, irin eyín, bí wọ́n ṣe gé eyín, wọ́n á wá fi pátákó irin pẹlẹbẹ ṣe ilé. Ká ní ẹ́ńjìnnì rẹ lágbára 500 pọ́n-ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan, tí gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ fúnra ẹ̀ sì wà lórí jíà tó ń lọ tààrà, tí kì í fi kún yíyí tàbí dín in kù, eyín tó ń ti ẹnì kejì ẹ̀ á máa fi bíi 2,100 pọ́n-ùn tì í. Torí pé ara eyín dagun, nǹkan bíi 770 nínú rẹ̀ ò sí fún eré rárá, ńṣe ló ń ya ṣáàfù méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ilé bá tẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tójú ò lè rí, eyín ò ní fi gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ kan ara mọ́, igun ló máa fi kan ara, igun yẹn lá sì gbé gbogbo ẹrù.

Mo mọ̀ torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àpótí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, jíà rẹ̀ dára, àmọ́ apá kan ṣoṣo ni mo gbé bẹ́ríǹgì sí, apá kejì jíà ò ní nǹkan kan tó dì í mú. Ìgbà tí mo tú u, eyín mẹ́ta ti já, gbogbo wọn já láti igun kan náà, àwọn tó kù ní àmì dídán kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, igun yẹn náà ló wà, gbogbo ojú eyín tó kù ṣì dúdú bí wọ́n ṣe gbé e wá látọ̀dọ̀ ẹni tó gé e. Mo jókòó tì í, mo wò ó títí. Látìgbà yẹn, bẹ́ríǹgì gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì jíà kọ̀ọ̀kan, pátákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju íńṣì kan lọ, mo sì máa ń so pátákó méjèèjì pọ̀ kí n tó lu ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìtú wọn, kí ihò má bàa wọ́. Fi pín-ìn-nì dì wọ́n sójú kan, má fi bọ́ọ̀tì nìkan ṣe é. Kó o tó di í pa, kun eyín ní búlúù, fọwọ́ yí i, wo ibi tí búlúù ti pa rẹ́. Tí kò bá pa rẹ́ jákèjádò fífẹ̀ eyín, má tíì gbé e sínú ọkọ̀.

Fi àyè tó tó 0.006 íńṣì sílẹ̀ láàárín eyín. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù lo fi ṣe ilé, rántí pé tó bá gbóná ó máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, àyè yẹn á sì pọ̀ sí i, ìyẹn dáa ju kó há lọ.

Irin 9310 tàbí 8620 ni kó o fi gé jíà, èyí tí wọ́n á sun tí ara ẹ̀ á le tí inú ẹ̀ á ṣì lè tẹ̀ díẹ̀ láìkán. Lẹ́yìn sísun ni kí wọ́n tó lọ ojú eyín. Ilé iṣẹ́ kan ti sun tèmi rí tó wọ́ bí ewé, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ọ́ìlì ńkọ́? Ojú eyín rẹ á máa sáré ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tó o bá rì wọ́n sínú ọ́ìlì, wọ́n á pò ó di ìfófò, á gbóná, á sì jẹ agbára rẹ. Pọ́ǹpù kékeré ni kó o lò, kó máa fọ́n ọ́ìlì síbi tí eyín ti ń kúrò lára ara wọn, torí ibẹ̀ ni ooru wà.

Ní ti ṣéènì ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ̀rọ tó ń yí 7,000 ń fẹ́ fa ṣéènì já kúrò lórí eyín rẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn àgbà lo ṣéènì láyé àtijọ́, ọkọ̀ eré Babs tí awakọ̀ Parry-Thomas kú nínú rẹ̀ ní etíkun Pendine ní Wales lọ́dún 1927 lo ṣéènì, ọ̀pọ̀ ọdún sì làwọn èèyàn fi dá ṣéènì yẹn lẹ́bi. Tí ẹ bá máa lò ó pàápàá, ẹ fi irin tó nípọn bò ó dáadáa láàárín òun àti awakọ̀. Àpótí jíà náà ń fẹ́ ìbòrí bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, iwájú ni ẹ́ńjìnnì tèmi wà o, ó kọjú síwájú bíi ti gbogbo mọ́tò. Ṣé kí n fi jíà kẹta sáàárín?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, tí àyè bá gbà á, torí jíà méjì nìkan á mú kí ọkọ̀ tìẹ máa rìn sẹ́yìn. Jíà kẹta á dá yíyí padà sí bó ṣe yẹ, kò sì ní yí ìṣirò rẹ padà, iye eyín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nìkan ló ṣe kókó. Àmọ́ òun ló máa jìyà jù, torí eyín rẹ̀ ń gba ìtì lápá kan lọ́dọ̀ jíà àkọ́kọ́, ó tún ń gbà á lápá kejì lọ́dọ̀ jíà ìkẹyìn, síwá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, bí ẹni ń tẹ wáyà títí á fi kán. Jẹ́ kó fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àwọn kan á ní kó o kàn dojú áàsìlì délẹ̀. Ọkọ̀ á lọ síwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn eyín áàsìlì ni wàá máa lò, ẹ̀yìn yẹn ò sì lágbára tó ojú rẹ̀. Tí máìlì 150 lò ń wá, ó lè fara dà á. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wá àyè fún jíà kẹta, kó o sì tú àpótí náà wò lẹ́yìn gbogbo eré.