Owó Iṣẹ́ Katakata Lórí Éékà Kan: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Agbaṣẹ́ṣe Oko

Ìwé mẹ́ta ni a mú fún ti oṣù yìí nínú èyí tí ó wọlé láti ìwọ̀-oòrùn Kogí. Iye tí ó yẹ kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oko fún ẹlòmíràn máa gbà ni gbogbo wọn dá lé lórí. Ti Ìsánlú ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù, òun ni a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè

Okun o, Olóòtú. Mo ra katakata àlòkù kan pẹ̀lú ohun èlò ìtúlẹ̀ rẹ̀, mo sì ń bá àwọn àgbẹ̀ tú ilẹ̀ ní agbègbè wa títí dé Ejíbà. ₦25,000 ni mo ń gbà lórí éékà kan, nítorí pé iye tí àwọn yòókù ń gbà nìyẹn. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ mi. Ní ọdún tó kọjá, nǹkan bí 350 éékà ni a tú. Owó máa ń ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ra dísẹ́ẹ̀lì tí mo sì ti san ti awakọ̀, síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì béèrè àtúnṣe ńlá, ṣe ni mo lọ yá owó. Ṣé kí n fi kún iye tí mo ń gbà ni, àbí kí n wá iṣẹ́ kún iṣẹ́?
— Oníkatakata, Ìsánlú

Ìdáhùn

Ọ̀gá wa, a kí yín kú iṣẹ́. Kí ẹ tó wá iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá éékà kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń tú ń mú èrè wá tàbí ó ń jẹ lára katakata yín, nítorí pé bí éékà kan bá ń pàdánù, 500 éékà yóò kàn sọ àdánù náà di ńlá ni. Iye tí ẹlòmíràn ń gbà kò lè sọ èyí fún yín. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń wò kò jẹ báǹkì ní kọ́bọ̀, ó lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ tí kò san owó awakọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó sì lè jẹ́ pé òun náà ń pàdánù láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ sì fi iye tiyín rọ́pò èyí tí kò bá bá tiyín mu. Ká ní ₦18,000,000 ni ẹ ra katakata àti ohun èlò rẹ̀, tí ẹ sì rò pé ẹ ó lè tà á ní ₦6,000,000 lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. ₦12,000,000 tí ó wà láàárín ni ọjọ́ orí àti iṣẹ́ yóò jẹ, èyí sì jẹ́ ₦1,500,000 lọ́dún. Ẹ fi ₦1,000,000 kún un fún àtúnṣe, táyà àti abẹ ìtúlẹ̀, kí ẹ tún fi ₦300,000 kún un fún ọlọ́dẹ, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ìwé ọkọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,800,000. Bí a bá pín in sí 350 éékà tí ẹ tú, ₦8,000 ni ó kan éékà kọ̀ọ̀kan, kí a tó da ẹyọ lítà dísẹ́ẹ̀lì kan sínú táǹkì.

Lẹ́yìn èyí ni owó tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí ilẹ̀ bá dára, katakata alágbára ẹṣin 75 tí ó ń fa abẹ mẹ́ta lè tú éékà kan láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, ó sì lè mu nǹkan bíi lítà mẹ́wàá. Ẹ má gba èyí gbọ́ lẹ́nu wa, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín: ẹ kún táǹkì dé ẹnu níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ẹ tú ilẹ̀ tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì padà wá kún un dé ẹnu níbi kan náà, iye lítà tí ó bá wọlé ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Ká ní lítà méjì ni ìrìn ojú ọ̀nà ń fi kún mẹ́wàá yẹn, tí lítà kan sì jẹ́ ₦1,200, dísẹ́ẹ̀lì nìkan di ₦14,400. Ti awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ jẹ́ ₦3,500, ti ọ́ìlì, fítà àti gírísì sì jẹ́ ₦1,100. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦19,000. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ ₦8,000 ti àkọ́kọ́, ₦27,000 ni éékà kan ń ná yín.

Ibi tí owó yín ń gbà lọ nìyí. Nínú ₦25,000, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ₦19,000, ẹ rí ₦6,000, ẹ sì pè é ní èrè. Ní ìparí ọdún, ó di ₦2,100,000. Àtúnṣe, táyà, ọlọ́dẹ àti ìwé ọkọ̀ mú ₦1,300,000 nínú rẹ̀, ó ku ₦800,000, èyí tí ilé ná. Ṣùgbọ́n katakata ti sọ ₦1,500,000 nù nínú iye rẹ̀ ní ọdún kan náà, kò sì sí ẹni tí ó fi kọ́bọ̀ pamọ́ dè é. Nítorí náà ni ẹ fi lọ yá owó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bèèrè tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ èrè ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìnáwó, iye náà yóò di nǹkan bíi ₦31,000. Àwọn oníbàárà yóò kùn. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹ fi kún un fún gbogbo oko lọ́nà kan náà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo oko ni ó ń jẹ yín. Èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí kò ní gbòǹgbò, tí ó sì wà lẹ́bàá ọ̀nà lè máà ná yín tó ₦27,000 rárá. Àwọn tí ń jẹ yín ni àwọn oko kéékèèké tí ó wà káàkiri.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tóóró kan kí ẹ sì fi fóònù ka àkókò. Awakọ̀ yóò gbé abẹ sókè ní ìpẹ̀kun, yóò yí, yóò tún padà sẹ́yìn díẹ̀ nítorí igi káṣú aládùúgbò tí ó ya wọ ààlà, yóò wá sọ abẹ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí poro kan kò bá gùn ju ogójì mítà lọ, àkókò tí a fi ń yí lè sún mọ́ èyí tí a fi ń túlẹ̀ gan-an. Dísẹ́ẹ̀lì kò dúró, owó awakọ̀ kò dúró, mítà wákàtí tí ó wà níwájú ìdarí ọkọ̀ náà kò sì dúró. Mítà yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìwé ìṣirò. Ká ní ó ka wákàtí 560 fún 350 éékà yẹn, ₦2,800,000 tí a kọ́kọ́ kà di ₦5,000 lórí wákàtí kan. Bí ìpè kan bá wá wá láti ọ̀nà jíjìn, tí lílọ àti bíbọ̀ gba wákàtí méjì, ₦10,000 ti lọ, dísẹ́ẹ̀lì lítà mẹ́wàá lójú ọ̀nà sì jẹ́ ₦12,000. ₦22,000 ni ẹ ti ná kí abẹ tó kan ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ éékà mọ́kànlá ni ó ń dúró dè yín níbẹ̀, ₦2,000 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ éékà kan ṣoṣo, ẹ bá onítọ̀hún ṣe ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mo rí i pé ó tọ́ ni kí ẹ ní iye éékà kan tí ẹ kò ní gbéra fún iṣẹ́ tí kò bá tó o, kí ẹ sì ya owó ìrìn sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìtúlẹ̀, kí oníbàárà rí méjèèjì. Nígbà náà ni àwọn fúnra wọn yóò máa kó ara wọn jọ: ẹni tí ó ní ìdajì éékà yóò lọ bá ará oko tí ó bá a pààlà, wọn yóò sì pín owó ìrìn láàárín ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ kò gba àlàyé gígùn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní éékà kì í ṣe éékà. Éékà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 209 ní gígùn àti 209 ní ìbú, éékà méjì àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀, ni ó sì wà nínú hẹ́kítà kan. Áàpù wà lórí fóònù tí ń wọn ilẹ̀ bí ènìyàn bá ti ń rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Kí ẹ̀yin àti olóko jọ rìn ín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ tuntun, pàápàá ní agbègbè yín tí àpáta máa ń fara pamọ́ sábẹ́ koríko, tí kùkùté igi ìgbá àti ti ẹmì sì pọ̀, ẹ má ṣe dá iye lórí éékà. Ẹ dá a lórí wákàtí. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, éékà kan lè gba ìlọ́po méjì àkókò, ó sì lè fọ́ abẹ kan tí owó rẹ̀ ju èrè ọjọ́ náà lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ni owó ohun èlò tí a ń kó wọlé ti gbéra sókè. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi owó abẹ tí ó rà ṣáájú ìgbà náà ṣírò, àdánù ni ó ń ṣírò.

Ìbéèrè

Ẹ̀rọ ìfọ́npá onílítà 16 tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni mo fi ń bá àwọn olóko fọ́n oògùn koríko ní Kàbà àti Ìyàrá. Owó táǹkì ni gbogbo wa ń gbà. Àwọn kan ti ń ní kí n gba owó éékà. Èwo ni ó sàn?
— Ọ̀dọ́ Afọ́nko, Kàbà

Ìdáhùn

Ọmọ wa, owó táǹkì rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: bí o bá ṣe ń da omi tó ni owó rẹ ṣe ń pọ̀ tó, olóko sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń fura. Owó éékà sàn bí o bá mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ. Wọn ilẹ̀ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, fi omi lásán fọ́n ọn ní ìrìn tí o máa ń rìn, kí o sì wo iye tí ó tán. Bí ó bá jẹ́ lítà méjì, hẹ́kítà kan yóò gba 200 lítà, éékà kan yóò sì gba nǹkan bí 81, tí í ṣe táǹkì márùn-ún rẹ pẹ̀lú díẹ̀. Ṣe ìsọdipúpọ̀ owó táǹkì rẹ pẹ̀lú iye yẹn, kí o wá fi owó omi kún un. Mo ní owó omi, nítorí pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, jíjìnnà odò ni ó ń pinnu iye oko tí o lè fọ́n lóòjọ́, kì í ṣe agbára rẹ. Ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà, ìbomú àti ẹnu ìfọ́npá tí ó ń gbó wà nínú ìnáwó rẹ pẹ̀lú. Bí olóko bá sì gbé oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní paraquat, tí ó ti wà nílé rẹ̀, fún ọ, má ṣe fọ́n ọn ní iyekíye. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fi òfin dè é.

Ìbéèrè

Olóòtú, àna àti ìbátan ni ó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi ní Mọ̀pà. Wọ́n ń fẹ́ ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń fẹ́ san owó lẹ́yìn ìkórè. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Oníkatakata, Mọ̀pà

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ má ṣe ní iye méjì fún iṣẹ́ kan. Ẹ kọ iye gidi sínú ìwé, kí ẹ wá kọ ẹ̀dínwó sí abẹ́ rẹ̀ ní orúkọ ẹni tí ẹ fún, kí onítọ̀hún rí ohun tí ẹ fi ta á lọ́rẹ, kí ẹ̀yin náà sì lè kà á ní ìparí ọdún bóyá apá yín ká a.

Àwìn yàtọ̀. Ẹni tí ó gbin àgbàdo lè san lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ lè máà rí owó kí ọdún tó yí po, dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi tú ilẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó sì rà lọ́wọ́lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ àwìn san owó dísẹ́ẹ̀lì àti ti awakọ̀ ṣáájú, kí ìyókù nìkan dúró. Àwọn kan máa ń gbà kí olóko ra dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kó sì gbé e wá. N kò fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí pé jálá tí omi tàbí ìdọ̀tí wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ba ẹ̀rọ tí ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì jẹ́, ẹni tí ó gbé e wá kò sì ní bá yín san owó mẹkáníìkì. Bí ó bá jẹ́ pé àpò àgbàdo ni wọn yóò fi san án, kí ẹ kọ ọ́ pé iye owó ni wọ́n jẹ yín, kì í ṣe iye àpò, nítorí pé àkókò ìkórè gan-an ni àgbàdo ń pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Kí ẹ̀yin àti wọn fọwọ́ sí ìwé náà níwájú ẹnìkan nínú ẹbí kí katakata tó kúrò nílé.