Kí ló wà nínú ìpara yín? A dáhùn lẹ́tà àwọn òǹkàwé

Lẹ́tà lórí ìpara àti òróró ara ló pọ̀ jù nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. A kó àwọn tó jọra wọn pọ̀, a sì gé èyí tó gùn kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èròjà bí ọgbọ̀n ni wọ́n tò sẹ́yìn ìpara tí mò ń lò, orúkọ tí ẹnu ò lè pè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó pọ̀ nínú wọn àti èyí tí wọ́n kàn fi kán an?

Ìdáhùn: Bí wọ́n ṣe tò wọ́n ti sọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń wá. Èyí tó wúwo jù nínú àpòpọ̀ náà ló ń ṣíwájú, bí wọ́n sì ṣe ń dín kù ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn títí tá a fi máa dé 1%. Èyí tí kò bá tó 1%, ẹni tó ṣe ìpara náà lè tò ó bó ṣe wù ú. Aró tí wọ́n fi kùn ún, tí ẹ máa rí gẹ́gẹ́ bíi CI pẹ̀lú nọ́ńbà márùn-ún, lè wà ní ìparí pátápátá láìka bó ṣe pọ̀ tó sí.

Nítorí náà, ibi tí 1% wà lẹ kọ́kọ́ máa wá. Wọn ò ní fàmì sí i fún yín, àmọ́ àwọn èròjà kan wà tó ń tú àṣírí rẹ̀. Phenoxyethanol, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò hù nínú ìpara, kò gbọdọ̀ ju 1% lọ lábẹ́ òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Xanthan Gum àti Carbomer tó ń mú kí ìpara ki kì í sábà tó 1%. Disodium EDTA kì í sábà ju 0.2% lọ. Tí ìpara náà bá tẹ̀ lé òfin yẹn, ohunkóhun tó wà lẹ́yìn Phenoxyethanol kò lè ju 1% lọ, bí kò bá ṣe aró. Ẹ má wá yí ọ̀rọ̀ yẹn po o: èyí tó ṣíwájú rẹ̀ náà lè má tó 1%, torí pé nísàlẹ̀ ìlà yẹn kò sí ètò mọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: Aqua, Glycerin, Caprylic/Capric Triglyceride, Cetearyl Alcohol, Glyceryl Stearate, Niacinamide, Phenoxyethanol, Xanthan Gum, Parfum, Linalool, Aloe Barbadensis Leaf Juice, CI 19140. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Glycerin ń fa omi mọ́ awọ ara, Caprylic/Capric Triglyceride jẹ́ òróró. Cetearyl Alcohol jẹ́ ọ̀rá líle. Kò bá ọtí tó ń gbẹ awọ ara tan rárá, bí Alcohol tilẹ̀ wà lára orúkọ rẹ̀. Ewé aloe tí wọ́n wá yà gàdàgbà síwájú ike ńkọ́? Ẹ̀yìn lọ́fínńdà (Parfum) ló wà. Owó àwòrán lẹ san, ẹ ò san owó ewé.

Linalool tó wà níbẹ̀ jẹ́ ara ohun tó ń mú kí lọ́fínńdà ta sánsán. Òfin Yúróòpù ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ tó bá ti ju 0.001% lọ nínú ohun tá à ń fi pa ara tá a sì fi sílẹ̀, tàbí 0.01% nínú èyí tá à ń ṣàn kúrò. Ìyẹn ni pé kíkọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ kò fi hàn pé ó pọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, torí pé bíńtín lè yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Ìbéèrè: Mo fi fóònù ya àwòrán èròjà ìpara mi, áàpù kan sì fi àmì pupa sí Methylparaben, ó ní ó ń da họ́mónù rú. Ṣé kí n jù ú nù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jù ú nù. Orúkọ nìkan ni ọ̀pọ̀ áàpù bẹ́ẹ̀ ń wò. Wọn ò mọ iye tó wà nínú ìpara yín, wọn ò mọ̀ bóyá ẹ máa ń ṣàn án kúrò àbí ẹ fi ń sùn, wọn ò sì mọ̀ bóyá ojú lẹ fi ń pa àbí gbogbo ara. Láìmọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá èròjà kan léwu.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Bírò àti bébà ti tó ṣe é. Ká ní èròjà kan jẹ́ 1% nínú ìpara ara. SCCS, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gba Yúróòpù nímọ̀ràn lórí irú nǹkan báyìí, máa ń kà á sí pé àgbàlagbà ń lo 7.82 gíráàmù ìpara ara lóòjọ́. Ti ojú jẹ́ 1.54 gíráàmù. 1% nínú 7.82 gíráàmù jẹ́ 78.2 mílígíráàmù. Tí kò bá sí àyẹ̀wò tó sọ iye tó ń wọ ara ní pàtó, wọ́n máa ń mú un pé ìdajì rẹ̀ wọlé: 39.1 mílígíráàmù. Ẹ fi 60 kílò tí wọ́n kà sí ìwọ̀n ara àgbàlagbà pín in, ẹ máa rí nǹkan bíi 0.65 mílígíráàmù fún kílò kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá iye tó pọ̀ jù tí wọ́n fún ẹranko nínú àyẹ̀wò tí nǹkan kan ò fi ṣe é. Ká sọ pé 100 mílígíráàmù fún kílò kan lóòjọ́ ni. Ẹ fi 0.65 pín 100, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 153. Ó kéré tán, wọ́n ń fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tó 100: ìlọ́po 10 torí pé ara èèyàn yàtọ̀ sí ti ẹranko, ìlọ́po 10 míì torí pé ara èèyàn pàápàá ò dọ́gba. Torí náà, 153 yege. Àmọ́ ẹ gbé èròjà yìí kan náà lọ sí 5%, nọ́ńbà náà á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 31, á sì gbòdo. Orúkọ rẹ̀ ò yí pa dà o, àmì kan náà sì ni áàpù máa fún méjèèjì.

Ní ti Methylparaben gan-an, ọ̀kan lára àwọn paraben tí kì í jẹ́ kí kòkòrò hù nínú ìpara, 0.4% ni Yúróòpù fàyè gbà tó bá dá wà, 0.8% tí wọ́n bá po oríṣiríṣi paraben pọ̀. Wọ́n le mọ́ Propylparaben àti Butylparaben ju ìyẹn lọ: àpapọ̀ àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ ju 0.14%. Lọ́dún 2014, wọ́n fòfin de márùn-ún míì, lára wọn ni Isopropylparaben àti Isobutylparaben. Ẹ rí i pé wọn ò da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni pé nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń sá fún paraben, ọ̀pọ̀ wọn ló kó sọ́wọ́ Methylisothiazolinone, ohun míì tó ń dènà kòkòrò. Kò pẹ́ tí ara àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú. Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí irú àìsàn awọ yìí ní Amẹ́ríkà dárúkọ rẹ̀ pé òun ni àléjì ọdún náà. Yúróòpù ò gbà á láyè mọ́ nínú ohun tá à ń fi sílẹ̀ sára. Nínú èyí tá à ń ṣàn kúrò, 0.0015% ni òpin rẹ̀. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ yẹn kan náà ló wá kéde pé paraben kì í fi bẹ́ẹ̀ fa àléjì. Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí “kò ní paraben” lára ike, ẹ yí i sẹ́yìn kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lo ìpara kan tó ń mú kí ara wọn pupa kíákíá. Kò sí orúkọ èròjà kankan lára rẹ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kan wúrà tàbí fàdákà. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu gan-an, ti ìṣirò kọ́ lèyí. Ìkìlọ̀ nípa wúrà àti fàdákà jẹ́ ọ̀kan lára àmì tí wọ́n fi ń fura sí ìpara tó ní mẹ́kúrì, torí pé mẹ́kúrì máa ń lẹ̀ mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ tí á sì bà á jẹ́. Tí wọ́n bá kọ èròjà, ó lè fara hàn bíi Calomel, Mercurous Chloride, Mercuric Iodide tàbí Ammoniated Mercury. Ó ń gba awọ wọlé, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n kí oorun sì dá lójú ẹni. Ó tún ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́, kódà ọmọ tí kò fọwọ́ kan ìpara náà rí lè kó o látara táwẹ́ẹ̀lì àti ìrọ̀rí. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017, fi irú ìpara yìí sára ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́jà.

Tí kì í bá ṣe mẹ́kúrì, ó lè jẹ́ Clobetasol Propionate, oògùn awọ ara tó lágbára gan-an, tí dókítà máa ń ní kéèyàn lò fún ìwọ̀nba ọjọ́. 0.05% péré ló ń wà nínú rẹ̀ o, síbẹ̀ tí wọ́n bá fi ń para fún oṣù mélòó kan, awọ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìlà á máa là lára, ọgbẹ́ ò sì ní tètè jinná. Ìwọ̀n tó kéré fún èròjà kan lè pọ̀ jù fún òmíì. Ó sì lè jẹ́ Hydroquinone: Yúróòpù fòfin dè é nínú ìpara, Amẹ́ríkà náà kò jẹ́ kí wọ́n tà á láìsí ìwé dókítà mọ́ láti ọdún 2020. Lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè fa àbààwọ́n dúdú tó fẹ́ jọ àwọ̀ aró lójú, tí kì í ṣeé mú kúrò bọ̀rọ̀.

Kí wọ́n di ike náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà awọ ara, kí wọ́n sì ní kó ṣàyẹ̀wò mẹ́kúrì nínú ìtọ̀ wọn. Kí wọ́n jẹ́ kó mọ iye oṣù tí wọ́n ti fi ń pa á. Ìdí ni pé ẹni tó ti fi Clobetasol pa gbogbo ara fún ìgbà pípẹ́ tó wá ṣíwọ́ lójijì lè rí i pé ara òun ò lókun mọ́, tí òòyì á sì máa kọ́ ọ. Ìyẹn kọjá ohun téèyàn ń dá wò nílé.

Ìbéèrè: Fúnra mi ni mo máa ń po ìpara mi: omi, oje aloe àti òróró, pẹ̀lú Vitamin E kó má bàa bà jẹ́. Ṣé kò dáa ju ti ilé iṣẹ́ lọ báyìí?

Ìdáhùn: Vitamin E ò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un. Kì í jẹ́ kí òróró tètè kan, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í pa kòkòrò. Níbi tí omi bá sì ti wà, bakitéríà bíi Pseudomonas aeruginosa lè pọ̀ níbẹ̀ kí òórùn ìpara náà má tíì yí pa dà rárá. Tó bá kan ojú tàbí ojú ọgbẹ́, wàhálà dé.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ yọ omi àti oje aloe kúrò, kó ku òróró àti ọ̀rá nìkan. Irú ìyẹn ò nílò ohun tó ń pa kòkòrò, tí ọwọ́ tútù ò bá ti wọ inú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí omi wà níbẹ̀, ẹ lo ohun tó ń dènà kòkòrò, kẹ́ ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. 1% nínú 200 gíráàmù jẹ́ 2 gíráàmù. Síbí ò lè sọ ìyẹn fún yín, òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù lẹ máa lò. Tó bá jẹ́ Sodium Benzoate lẹ yàn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tí pH ìpara, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ròkè bí ásíìdì ṣe ń dín kù, bá ti kọjá 5, torí náà ẹ ra bébà tí wọ́n fi ń yẹ pH wò.

Tẹ́ ẹ bá ń kán òróró olóòórùn sí i, 1% nínú 30 mílílítà jẹ́ nǹkan bí ẹ̀kán mẹ́fà. Fún ojú, mẹ́ta ti tó. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fún látara èèpo òsàn wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ bá máa jáde sóòrùn. Tí oòrùn bá bá a lára, ó lè bó èèyàn bí omi gbígbóná.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè dán ìpara tuntun wò kí n tó fi pa ojú?

Ìdáhùn: Ẹ fi díẹ̀ pa inú apá, nítòsí ìgúnpá, ní ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7, tí ara yín bá máa ń tètè kọ nǹkan, ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ 14. Ẹ má fọ ibẹ̀ kété tẹ́ ẹ bá pa á tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dán an wò, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣì í. Ohun tó kàn ń ta awọ máa ń fara hàn kíákíá, àmọ́ àléjì lè má yọjú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tó bá sì jẹ́ pé ara ò pàdé èròjà náà rí, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kó ta díẹ̀ kó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan kì í ṣe àléjì. Kó máa yún, kó pọ́n, kó sì sú wínníwínní, ẹ fi í sílẹ̀. Ètè tàbí ojú tó ń wú, tàbí èémí tí kò já gaara, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ọṣẹ àti ohun míì tá à ń ṣàn kúrò ò ṣeé dán wò báyìí. Tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ sára, wọ́n máa ta yín bí wọn ò tilẹ̀ ní nǹkan kan tó burú. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Mo lóyún. Kí ni kí n pa tì?

Ìdáhùn: Gbogbo ìdílé retinoid, ìyẹn àwọn èròjà tó bá Vitamin A tan: Retinol, Retinal, Retinyl Palmitate, Tretinoin, Adapalene. Ẹ fi Hydroquinone náà kún un, torí ó ń gba awọ wọlé púpọ̀. Glycerin, Niacinamide àti Azelaic Acid kò léwu fún yín.

Ìbéèrè: Ṣé ti “dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò” àti “kì í fa àléjì” tí wọ́n ń kọ sára ike ní ìtumọ̀ kankan?

Ìdáhùn: Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó sọ ohun tí ìpara gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó lè kọ “kì í fa àléjì” sí i. “Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò” náà ò sọ iye èèyàn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára wọn, kò sì sọ ohun tí dókítà rí. Àmì tó wúlò ju méjèèjì lọ ni àwòrán ike tó ṣí lórí pẹ̀lú 6M tàbí 12M: iye oṣù tẹ́ ẹ lè lò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí i nìyẹn. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i sí ìdí rẹ̀.