Ẹ má tíì ra búlọ́ọ̀kù o: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí àwọn olùkọ́ yín wà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé yín ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, ìpínlẹ̀ Kwara, ní kíláàsì mẹ́fà, àmọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ kan péré ló ń kọ́ gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ti dá owó jọ láti fi kọ́ kíláàsì tuntun mẹ́ta, ẹ wá ń béèrè bóyá SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, yóò fún yín lólùkọ́ tí ilé náà bá ti parí.

Rárá o. Mo ṣe alága SBMC, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń bá ìjọba mójú tó ilé ẹ̀kọ́, lágbègbè Ìrẹ́pọ̀dùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti rí kíláàsì tuntun, tí òrùlé rẹ̀ ń dán yanran, tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń mú wa sáré sídìí ilé kíkọ́. Ilẹ̀ wa wà lábẹ́ Àríwá láyé ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn. Nígbà tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àwa ń wò wọ́n ni, títí UPE, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, fi dé ní 1976. Àwọn bàbá wa àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ó ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé ṣeé kọ orúkọ sí lára, ó ṣeé pe kábíyèsí wá ṣí. Ta ló máa pe kábíyèsí wá ṣí olùkọ́?

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé "ìjọba" lorúkọ tí a ń pe gbogbo wọn. Ẹni tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́ kọ́ ló ń pín olùkọ́ káàkiri abúlé. Àpò tí owó oṣù ti ń jáde kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Tí ẹ bá gbé ẹjọ́ olùkọ́ lọ bá àwọn tó ń kọ́lé, wọ́n á fi ọ̀wọ̀ gbà yín lálejò, wọ́n á gba lẹ́tà yín, kò sì ní sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣáájú, torí ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín jù ni LGEA, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní Òwù-Ìsin, níbi tí E.S., akọ̀wé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ olórí rẹ̀, wà. Gbogbo ìlú ló máa ń kọ́kọ́ lọ bá E.S. pé kó "fún wa lólùkọ́". Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìpele 01 sí 06 ni LGEA lè gbà síṣẹ́: ọlọ́dẹ, agbálẹ̀, akọ̀wé kékeré. Olùkọ́ tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ìpele 07 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ SUBEB ní Ìlọrin ni ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ìgbéga rẹ̀ àti ìbáwí rẹ̀ sì wà. SUBEB náà kò kàn lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ń gba olùkọ́. Ó dìgbà tí gómìnà bá fọwọ́ sí i, tí owó sì wà nínú ìṣúná. Ní 2021 tí wọ́n gba olùkọ́ 4,701 fún SUBEB àti TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ sẹ́kọ́ńdírì, pa pọ̀, gbogbo wa mọ bí a ti retí rẹ̀ tó.

Ohun tí E.S. lè ṣe, tó sì wúlò púpọ̀, ni kó gbé olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn láàárín ìjọba ìbílẹ̀ yín. Nítorí náà, ẹ má sọ fún un pé kó gba èèyàn síṣẹ́. Ẹ béèrè pé kó pín àwọn tó wà ńlẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ etí títì ní olùkọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí wọn lábẹ́ igi.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ka olùkọ́, torí ìṣirò yẹn ló ń pa àwa ará abúlé. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní olùkọ́ kan sí ọmọ 35 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgboro Ìlọrin, níbi tí ọmọ ti ń fún ara wọn pa lórí àga, ìlànà náà ń gbèjà wọn. Ẹ wá gbé e dé abúlé. Ká ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín jẹ́ 64. Ẹ fi 35 pín in: olùkọ́ méjì ti tó, kódà àyè ṣì ṣẹ́kù. Ìṣirò náà kò béèrè pé kíláàsì mẹ́fà ni ọmọ 64 yẹn wà, pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-b-d nígbà tí àwọn kan ń múra láti wọ sẹ́kọ́ńdírì. Lójú ìwé, nǹkan kan kò ṣe ilé ẹ̀kọ́ yín.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tó bá kàn ní "olùkọ́ wa kò tó" kì í fi í dé ibì kan. Wọ́n á wo ìwé, wọ́n á rí i pé ó tó. Ẹ kọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń kọ́ wọn, ẹ wá sọ pé ẹ ń fẹ́ olùkọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, kí wọ́n lè so kíláàsì pọ̀ ní méjì-méjì: ìkíní pẹ̀lú ìkejì, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹrin, ìkarùn-ún pẹ̀lú ìkẹfà. Ẹni tó bá béèrè mẹ́fà fún ọmọ 64, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Mẹ́ta ṣeé ṣe.

Ẹ tún yẹ fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń kọ lọ́dọọdún wò. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí a ní ń da iye ọmọ ti èṣín kọ síbẹ̀ ni. Ọmọ ti pọ̀ sí i, torí àwọn àgbẹ̀ tuntun ti kó dé ẹ̀yìn odò, ṣùgbọ́n ní Ìlọrin, bá a ṣe wà la ṣì wà.

Ó wá ku ọ̀kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún èmi, tí mo fi ọ̀pọ̀ ìrìnkèrindò wá kàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yín hàn yín, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́mínà róòlù. Nígbà tí a rí tiwa, ẹnu yà wá. Olùkọ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, méjì là ń rí. Ọ̀kan ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, ó ń kọ́ni "fún ìgbà díẹ̀" nílé ẹ̀kọ́ kan nítòsí ilé rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì kan, ó ń tẹ ìwé. Ẹ̀kẹta ti gbàyè lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Orúkọ wọn ló ń gbé ìlú wa, ẹsẹ̀ wọn kò sí níbẹ̀. Tiyín náà lè rí bẹ́ẹ̀, n kò lè búra.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá olùkọ́ kankan jà. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ lọ pariwo lórí rédíò, mo ní rárá. Obìnrin tó ń tọ́ ọmọ ní Ìlọrin, ṣé kó máa wọ mọ́tò dé Àjàṣẹ́-Ìpo, kó tún gun ọ̀kadà wọ oko, lójoojúmọ́, lórí owó oṣù ìpele 07? Ohun tí a kọ sí E.S., tí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí SUBEB, ni pé kí wọ́n dá àwọn olùkọ́ náà padà, tàbí kí wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lórí ìwé wa, kí àyè wọn lè ṣófo. Gbólóhùn kejì yẹn ló ṣiṣẹ́. Tí orúkọ bá ti kúrò, kò sẹ́ni tó lè ní olùkọ́ yín tó mọ́. Bí a ṣe rí olùkọ́ méjì gbà nìyẹn, láì fi kóbọ̀ ra búlọ́ọ̀kù.

Ní ti owó, àpò méjì ni kí ẹ mọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń ra àga àti ìwé, tí wọ́n sì fi ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ sí i, ọ̀dọ̀ UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ló ti ń wá. Òfin UBE ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè gba èyí tó jù nínú rẹ̀. Kwara kò rí i gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí ìjọba tó dé ní 2019 san gbèsè ìdá tiwa, bílíọ̀nù 7.1 náírà, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i tí àtúnṣe sọ̀kalẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ọdún tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọn kì í fi owó yìí san owó oṣù. Ẹni tó bá béèrè ìdí tí ìjọba fi ń gbẹ́ kànga níbi tí olùkọ́ kò sí, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn: owó kànga kò ṣeé sọ di owó olùkọ́.

Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Nígbà tí owó tó ń ti Àbújá wá rọ̀, láàárín 2015 sí 2018, ojú olùkọ́ Kwara rí màbo. Àwọn kan ń gba ìdá díẹ̀ nínú owó oṣù, oṣù mìíràn wà tí wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, ohun tí àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló máa wá san tiwọn. Wọn kò jẹ̀bi. Iná ti jó wọn rí.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kò sí lọ́wọ́ yín, kò sì sí lọ́wọ́ E.S. Ẹ rántí 2008, tí wọ́n fún olùkọ́ 19,125 ní Kwara ní ìdánwò, tó jẹ́ pé 75 péré ló dé ojú òṣùwọ̀n. Látìgbà náà ni Ìlọrin kò ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ nìkan mọ́. Wọ́n ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un. KwaraLEARN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 gbé e wọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ á ṣí i, á máa kà á tẹ̀ lé e. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ní Ìlọrin ẹni tó wá síṣẹ́ àti ẹni tí kò wá. Àmọ́ ẹni tó kọ ẹ̀kọ́ yẹn rò pé kíláàsì kan ló wà níwájú olùkọ́ kan. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń so kíláàsì pọ̀ á kàn máa sáré láti ojú ìwé kan sí èkejì. Ẹ fi èyí náà sínú lẹ́tà yín.

Ó wá kan owó ẹgbẹ́ Èkó. Tó bá jẹ́ èmi, ilé olùkọ́ ni màá kọ́: yàrá mélòó kan, omi, iná sólà díẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní ibi tó ń gbé á dúró, àwọn àgùnbánirọ̀ náà kì í gbé níbi tí kò sí ilé. Ẹ gba ìwé àṣẹ láti SUBEB kọjá lọ́dọ̀ LGEA kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní orí ilẹ̀ ìjọba lẹ kọ́lé sí. Ẹ lè gba olùkọ́ tí ìlú ń san owó fún, olùkọ́ PTA, ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọdún méjì odindi sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ka Èkó máa ń gbóná fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé ìyàwó alága ń bímọ, ìpàdé kò lè wáyé lóṣù yìí.

Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ lọ sí Òwù-Ìsin, kí ẹ mú alága SBMC àti ẹnì kan láti ààfin dání, kí ẹ má lọ ní ogún èèyàn. Ìwé orúkọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Tí ẹ bá rí i gbà, ẹ sọ iye tó wà níbẹ̀ fún mi, màá bá yín kọ lẹ́tà náà.