Kí ló dé tó fi jọ pé ìsoríkọ́ pọ̀ láyé òde òní?
Apá kan jẹ́ ti ìṣirò: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iye àwọn tó ní ìsoríkọ́ fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín 2005 sí 2015, ṣùgbọ́n iye gbogbo èèyàn tó wà láyé náà ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, àìsùn àti àdáwà ń dá kún un gan-an. Ẹ wo ẹni tó ń dá gbé yàrá kan, tó tẹ fóònù di aago kan òru, tó tún gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò ní aago márùn-ún ìdájí. Bí nǹkan kan ò bá wù yín ṣe mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 gbáko, ẹ lọ rí dókítà. Oògùn ìsoríkọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ 4 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á tì lọ́sẹ̀ kìíní. Bó bá jẹ́ èrò ikú ló ń wá, òní ni kẹ́ ẹ lọ.