Èébì Ọmọdé: Oògùn Tí Ń Dá A Dúró Àti Ohun Tó Sàn Jù Ú Lọ

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí o. Ọmọbìnrin mi pé oṣù 14. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì lóru, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ti dé sí i. Ní ilé ìtajà oògùn kan, wọ́n fún mi ní promethazine olómi. Ṣíbí kan péré ni mo fún un, ló bá sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́; bí a bá jí i, ojú rẹ̀ á là díẹ̀, á tún pa dé. Ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ṣé oògùn náà ló fà á, kí ni mo sì lè lò bí èébì bá tún dé?
Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN
Ìyá Ọmọ, a bá yín dúpẹ́ pé ara ọmọ ti yá. Ó ṣeé ṣe gidigidi pé oògùn yẹn lọ́wọ́ nínú oorun náà, nítorí pé inú ọpọlọ ni promethazine ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń kun ènìyàn lóorun. Nínú ọmọ kékeré, ó lè dín mímí kù débi tí ẹ̀mí fi lè bọ́. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára rẹ̀ láti ọdún 2004, pé wọn kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé oorun oògùn àti oorun ọmọ tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ jọ ara wọn, ìyá lè má mọ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń sùn kò sì lè mu omi.

Metoclopramide, oògùn mìíràn tí ń dá èébì dúró, ní ewu tirẹ̀. Ọrùn ọmọ lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹyin ojú yí sókè, kí ahọ́n yọ síta, síbẹ̀ ọmọ náà mọ ohun tó ń lọ, á sì máa sunkún. Àwọn àgbà ilé á ké pé gìrì dé, wọn á ní kí wọ́n lọ wá àgbo ìtọ̀ màálù, èyí tó léwu gan-an. Kì í ṣe gìrì gidi, oògùn ló fà á, ilé ìwòsàn sì ní ohun tí ń tú u láìpẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2013, wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní metoclopramide rárá. Oògùn èébì tó ń jẹ́ domperidone lè da ìlù ọkàn rú. Ondansetron ni àwọn dókítà sábà máa ń lò fún ọmọdé, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n òun náà lè fa orí fífọ́ tàbí kí ó mú ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ má fọwọ́ ara yín rà á.

Omi tó ń bá èébì jáde ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù ju èébì fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ti bì tán, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá po ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí ń dá omi ara padà, sínú ìwọ̀n omi mímọ́ tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀ gan-an. Ṣíbí ìmu tíì kan gba mílílítà 5. Bí ẹ bá ń fún un ní ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, láàárín wákàtí kan ó ti mu mílílítà 150, inú rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé omi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti wọlé. Iṣẹ́ sùúrù ni, ọwọ́ á ro yín, àmọ́ ife omi tó bá gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò bì jáde. Ẹ máa fún un lọ́mú lọ. Nígbà tí ó bá fẹ́ jẹun, ẹ fún un ní ẹ̀kọ mímu díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wà níbẹ̀, zinc mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 yẹ ọmọ tó ti ju oṣù 6 lọ.

Ní ti atalẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbàlagbà. Oyin kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rọ ọmọ tó ń bì ní àgbo, nítorí pé ó lè bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí èébì bá ní àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 6, bí ojú tàbí àwùjẹ̀ bá jìn wọlé, bí ó bá rọ jọwọrọ, bí gìrì bá mú un, tàbí bí gbogbo ohun tó mu bá ń jáde. Bí ara bá gbóná, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, nítorí pé ibà pẹ̀lú máa ń mú ọmọ bì. Ẹ mú ìgò oògùn tí ẹ ti fún un dání, kí dókítà lè rí orúkọ rẹ̀ kà.